Òwú Dúdú Tí Wọ́n Kó Mọ́ Irun

Obìnrin kan tí ó ń kun èékánná fún àwọn ènìyàn ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Èékánná mi ni ó ń kùn lọ́wọ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀dà fi kúrò lórí èékánná tí ó bọ́ sí ẹran ara. Mo ní kí ó gbé ọ̀dà sílẹ̀, kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyí. Ibi tí òun kò sí níbẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ló bá mi dí i.

Ìdajì ṣọ́ọ̀bù ni tirẹ̀. Ìdajì kejì jẹ́ ti onídìrí kan tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀, nítorí bí ó bá ń di irun, oorun ni yóò gbé ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ lọ. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó ní láyé ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ìyá wọn kú fi sílẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Òun ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Òun ló rán an lọ sí iléèwé. Kò sí irun kan tí orí ọmọ náà gbé rí tí kì í ṣe ìka rẹ̀ ló dì í.

Àbúrò yìí kàwé kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ara àwọn tí ń tún ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣe. Àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé ni ó ń kọ. Bí ó bá kọ ọ́ dáadáa, ẹ̀rọ kò lè kọ̀ ọ́. Akunèékánná a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ọfọ̀ náà ni, pé ewé nìkan ló kù kí ó já.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà ní òkè òkun, irú èyí tí kò sí fóònù tí iṣẹ́ wọn kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n ti dán ọmọ yìí wò léraléra láti inú ẹ̀rọ, ó sì ń yege. Ó wá ku ìdánwò ìkẹyìn. Bí ó bá yege nínú ìyẹn, yóò di òṣìṣẹ́ wọn, yóò sì kó lọ bá wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n ti ṣàlàyé fún un pé ìbéèrè kan ni àwọn yóò gbé síwájú rẹ̀, bí ó bá sì ti ń kọ ìdáhùn, kí ó máa sọ èrò ọkàn rẹ̀ síta kí àwọn máa gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá dákẹ́ kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ gbà á, ó lè pàdánù, nítorí wọ́n fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọn yóò máa bá jókòó ṣiṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ọmọbìnrin náà fi ń jí ní ìdájí, tí yóò kọjú sí ògiri yàrá rẹ̀, tí yóò máa sọ̀rọ̀. Àwọn ojúgbà rẹ̀ ti túká, kò sí ẹni tí yóò bá a dán an wò. Ògiri ni ó ń sọ fún pé òun kọ́kọ́ fẹ́ wo ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, pé bí òun bá gba ibí yìí, yóò pẹ́ jù, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un rò. Akunèékánná sọ ọ́ ní Abógirisọ̀rọ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lódì kejì ògiri náà, tí ó fi etí lé e. Kò sí èyí tí ó yé e nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ni ó fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Ní ìdájí kan, ó gbìyànjú láti ro bí ilé yóò ṣe rí nígbà tí ògiri bá di ògiri lásán. Kò lè rò ó dé ìparí. Ó dìde, ó wẹ̀, ó wọ bàtà.

*

Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń lọ rí arúgbó olóògùn tí wọ́n ń pè ní Adákẹ́, nígbà tí òjìji ènìyàn bá ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì pa ni ó ń gbé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há, ògiri rẹ̀ sì tutù bí ẹni pé omi ń ṣàn nínú rẹ̀. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ kò tíì kan ilẹ̀kùn tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Arúgbó náà tọ́ka sí àpótí kan, onídìrí sì jókòó lé e. Abọ́ omi wà láàárín wọn. Onídìrí wo inú rẹ̀: ó rí àjà, ó rí fèrèsé, kò rí ojú ara rẹ̀.

Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣe ọmọ náà, kí ó má ṣàìsàn, kí orí rẹ̀ má dàrú. Kí iṣẹ́ yẹn ṣáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó jókòó sílé. Ó ní àwọn tó ni iṣẹ́ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò.

Ìgbà yẹn ni Adákẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹnu ni wọ́n á ti wá a?"

"Ẹnu ni, Ìyá. Tí kò bá ti lè sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbà á."

"Ẹnu nìkan ni màá mú nígbà náà. Ibi tó o bá júwe ni oògùn ń lọ. Kì í yà."

Ó fa òwú dúdú kan yọ lábẹ́ ẹní, irú èyí tí wọ́n fi ń kó irun, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì rin lọ́wọ́ bí ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu jáde. Ó ní àárín orí ni kí wọ́n kó o sí, kí omi má kàn án títí ọjọ́ yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà, onídìrí fúnra rẹ̀ ni kí ó tú u. Bí ọwọ́ mìíràn bá tú u, tàbí bí omi tí kò yẹ bá bá a... Kò parí rẹ̀.

"Ohun tí a bá dì," ó ní, "ó ní láti rí ẹnu kan wọ̀."

Ó kọjú sí fèrèsé. Láti ìgbà náà lọ, àfi bí ẹni pé kò sí ẹ̀dá kankan nínú yàrá náà tí ènìyàn lè bi léèrè.

*

Nínú ṣọ́ọ̀bù ni ó ti di irun náà, níwájú dígí. Àbúrò jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó jọjú o. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n á ti máa wò mí. Orí nìkan ni wọ́n á rí."

Akunèékánná dá sí i láti ìdí iṣẹ́ tirẹ̀, pé ṣé àwọn ògiri ọ̀hún gbọ́ èdè wa ṣá, kí Abógirisọ̀rọ̀ má lọ máa tún ara rẹ̀ sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìka Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ń ya irun, ó ń fi òróró sí i lójú ìlà. Ó mọ ibi tí àpá wà lórí náà. Ó mọ ibi tí kì í fẹ́ kí wọ́n fà.

"Ta ló máa wá máa di irun mi tí mo bá dé ọ̀hún?" Ọmọ náà sọ ọ́ bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí nínú ohùn rẹ̀.

Ìka dúró. "O ò ní ṣàìrí ẹnì kan."

"Kò lè dà bíi tiyín."

Bí ó bá dákẹ́ síbẹ̀, bóyá òwú ìbá ti bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún fi kún un pé kí ẹ̀gbọ́n òun má dààmú, pé òun yóò máa pè é lórí fóònù lójoojúmọ́. Onídìrí ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníbàárà tí ọmọ wọn wà lọ́nà jíjìn. Ojoojúmọ́ a di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ a di ìgbà ọdún, ọdún a wá di ìgbà tí wọ́n bá rántí. Ó fa òwú náà le. Ó kó o yíká, ó ta á ní kókó.

Lójú ẹsẹ̀, akunèékánná tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ rẹrẹ dákẹ́. Ó gbé ìgò ọ̀dà sókè, ó ń wò ó. Ó ní, "Kí là ń pe èyí?" Wọ́n rò pé àwàdà ni, títí wọ́n fi rí ojú rẹ̀. Ní ìta, ajá aládùúgbò na ọrùn mọ́ ẹnì kan tí ń kọjá. Eyín rẹ̀ hàn, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń gbó. Ohùn kò jáde.

Onídìrí nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún un nù. Ó ní kí ọmọ náà má jẹ́ kí omi kan irun ọ̀hún, kí ó má bà á jẹ́.

*

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀, àbúrò dìde, ó kọjú sí ògiri. Ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ sì ká jọ bí ewé tí iná rà.

Ó lè kí ènìyàn. Ó lè ní kí wọ́n gbé iyọ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ mú èrò kan láti inú wá sí ìta, ilẹ̀kùn a pa dé. Ó mu omi gbígbóná. Ó fi ìka tẹ ahọ́n. Ó mú fóònù, ó wo orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí ẹnì kan tí òun lè pè kí òun sọ pé, wá, ẹnu mi kò ṣí. Ó ronú kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní rárá, ẹni tí ó ti ru ẹrù òun láti kékeré kò yẹ kí òun tún di ìyẹn lé e lórí.

Ní òdì kejì ògiri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ bí gbogbo ilé ṣe dákẹ́. Ó fa aṣọ bo orí.

Aago ọwọ́ ọmọbìnrin náà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ń tún aago ṣe. Aago ló bo ògiri ṣọ́ọ̀bù bàbá náà, tí gbogbo wọn ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Bí ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n dúró pa.

Bàbá gbójú sókè. Ó ní kí ó jáde. Ó jáde, àwọn aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ní kí ó wọlé. Wọ́n dúró.

"Ta ló ti ẹnu rẹ pa, ọmọ mi?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún, kì í ṣe nítorí ẹ̀rù, bí kò ṣe pé ẹnì kan béèrè.

Bàbá sún mọ́ ọn, ó fa afẹ́fẹ́ símú. Ó ní iṣẹ́ Adákẹ́ nìyí, pé ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti rẹ̀, pé láti ọjọ́ tí ọ̀gá ti kú ni àwọn ti ń dá ara àwọn lóhùn, ara àwọn ẹlòmíràn ni àwọn sì fi ń sọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Dídùn inú yẹn ni ó ba ọmọ náà lẹ́rù ju aago lọ. Ó lọ sẹ́yìn aṣọ títa, ó gbé ìgò kan jáde. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀.

"Fi wẹ̀ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Á padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an."

"Ta ni onítọ̀hún, Bàbá?"

"Èmi kì í bi oògùn léèrè ibi tó ń lọ. Ìwọ náà má bi í."

"Ṣé á pa á ni?"

"Ẹnu ló dì. Ẹnu náà ni á bá."

Lójú ọ̀nà, ọmọ náà ń ro ẹni tí ó lè kórìíra òun. Ó yà á lẹ́nu bí wọ́n ṣe kéré tó. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n láyé kò tilẹ̀ pọ̀ tó èyí tí a ó ti rí ọ̀tá mú nínú wọn.

*

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó wọ ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ìgò náà. Ó bu oògùn sí omi. Àtàrí ni wọ́n ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé igbá sókè, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí irun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi odidi ọjọ́ kan dì, tí ìlà rẹ̀ gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Kò tíì sí obìnrin tí ó da omi sórí irun titun ní àárọ̀ ọjọ́ tí ènìyàn ńlá fẹ́ wò ó. Ó wá ọ̀rá, ó fi bo orí, ó so ó le, ó sì wẹ̀ láti ọrùn lọ sí ìsàlẹ̀.

Òórùn náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn bọ́ sí yàrá Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀. Kò gbóòórùn irú rẹ̀ rí, síbẹ̀ gbogbo irun ara rẹ̀ dìde. Ó fi ìka kan ahọ́n rẹ̀. Ó pe orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó gbọ́ ọ. Ó jókòó ti ògiri, ó ń dúró.

Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti inú ẹ̀rọ, ó gbọ́ ti obìnrin kan. Wọ́n kí àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ kí wọn padà. Wọ́n wá gbé ìbéèrè kalẹ̀. Wọ́n ní ká sọ pé àwọn kan tò, tí oníkálukú ń tọ́ka sí ẹni tí ó kàn án. Báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá ìtò náà lópin, tàbí ó ń yí padà wọ inú ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń kó gbogbo orúkọ wọn sọ́kàn?

Lẹ́yìn náà, kò sí ohùn kankan mọ́.

"A ò gbọ́ yín," ọkùnrin inú ẹ̀rọ sọ. Ó tún un sọ. Ó ní bóyá ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ wọn ló ń dà wọ́n láàmú.

Onídìrí fi orí ti ògiri. Ohun tí ó fẹ́ ti dé, ó sì ń sunkún.

Nínú yàrá kejì, ẹnu àbúrò là sílẹ̀, òógùn ń ṣàn sí i lójú. Ó mọ ìdáhùn náà. Ó rí i kedere. Ó wo ìka rẹ̀ tí ó wà lórí bọ́tìnnì ẹ̀rọ, bí ìgbà tí ó bá rí ìka ẹlòmíràn.

Nínú iṣẹ́ àwọn tí ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, irú ìlà kan wà tí ẹ̀rọ kì í kà. Wọn yóò fi àmì kékeré kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì fò ó kọjá. Ènìyàn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, kí ó lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ́kọ́ débẹ̀. Ọmọ náà fi àmì yẹn sí i. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n má bínú, ohùn òun ti lọ, ibí ni òun yóò ti máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Ó wá ń kọ èrò rẹ̀ bí ó ṣe ń wá. Ó ní kí ẹni méjì gba ojú ọ̀nà náà, kí ọ̀kan máa rìn, kí ìkejì máa sáré. Bí ọ̀nà bá ń yí po, asáré yóò tún ti ẹ̀yìn bá arìn. Bí ọ̀nà bá lópin, asáré yóò kọ́kọ́ débẹ̀, wọn kò sì ní pàdé mọ́. Obìnrin inú ẹ̀rọ sún mọ́ iwájú. Kò sọ̀rọ̀, òun náà kọ ìbéèrè tirẹ̀ sábẹ́ ìlà náà. Ọmọ náà dá a lóhùn. Gbogbo ohun tí ó ti ń sọ fún ògiri láti ọjọ́ yìí ni ó ń gba ìka jáde, ẹnì kan sì ń fèsì.

Ohun tí onídìrí gbọ́ kò ju ìró bọ́tìnnì lọ, bí òjò tí ń kán sórí páànù. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin inú ẹ̀rọ, ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Onídìrí yọ orí kúrò lára ògiri. Ẹnu ni ó júwe fún Adákẹ́. Òun tí ó ń fi ìka jẹun láti kékeré, tí wọ́n ń torí ìka sọ ní orúkọ, kò rántí ìka.

*

Wọ́n gbà á. Akunèékánná ló kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ jó díẹ̀, wọ́n rí i.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá ọ̀nà láti tú irun yẹn. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ní kí ọmọ náà wá jókòó, ìwé ìrìnnà wà tí ó fẹ́ lọ gbà, ẹrù wà tí ó fẹ́ rà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ kí ó di ọjọ́ tí ó bá ku ọ̀la.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ku ọ̀la, onídìrí ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó bá a ní ilé ìdáná. Ọmọ náà ti bu omi sí bàsíà. Ìgò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò sì kún ibẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ sọ ohun kan tí òun ti ń fi pa mọ́ kí ẹ̀rù má bàa bà á. Ó sọ ti ògiri, ti aago, ti bàbá. Ó ní títí di ìsinsìnyí, bí òun bá fẹ́ sọ èrò òun síta, kì í yọ, bóyá nítorí pé òun kò da oògùn náà sórí. Èyí tí ó ṣẹ́kù nìyí, òun yóò fi fọ irun, kí òun má gbé ìdè ẹlòmíràn lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀.

"Wá," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Jẹ́ kí n bá ẹ tú u ná."

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ti dúró láti àárọ̀."

"Mo ní kó o wá."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fúnra mi. Mo ní láti kọ́ ọ ni. Kò sí yín níbi tí mò ń lọ."

Ó ti ń wá orí òwú náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù tí ó lè dá ọwọ́ yẹn dúró, ó sì wà lórí ahọ́n Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ gbọnrangandan. Kí ó ṣáà ní, èmi ni. Ó wo ojú ọmọ náà nínú omi bàsíà, ojú tí kò fura sí i rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Ó ro bí ojú yẹn yóò ṣe rí bí ó bá gbọ́ ọ. Ó pa ẹnu dé. Nígbà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló pa á dé.

Ọmọ náà da oògùn sórí. Kókó náà tú. Òwú dúdú bọ́ sínú bàsíà, ó sì rì bí irin. Omi hó láìsí iná, ó parọ́rọ́. Ní ìta, ajá aládùúgbò gbó.

"Àwọn méjèèjì, arìn àti asáré, ní láti jọ gbéra láti ìbẹ̀rẹ̀," ọmọ náà sọ. Èrò inú rẹ̀ ni, ó jáde fúnra rẹ̀. Ó yí padà, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó ti ṣí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dì í mọ́ra pẹ̀lú irun tútù, ó gbá a mú pẹ́.

*

Ọkọ̀ dé ní òwúrọ̀. Akunèékánná bá wọn gbé ẹrù, ó ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé. Ó ní kí ọmọ náà má gbàgbé àwọn, kí ó fi àwòrán ògiri ọ̀hún ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó yẹra sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi tẹ̀gbọ́n tàbúrò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ náà ní kí ẹ̀gbọ́n òun wúre fún òun. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìka rẹ̀ rìn láàárín irun títú náà, ó dé ibi àpá, ó dúró. Ọmọ náà ń retí ọ̀rọ̀.

"Láti àná lẹ ò ti bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

Ó mi orí pé rárá.

"Ẹ wò ó, tí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Ohun tí ó gbé e gun àtẹ̀gùn Adákẹ́ nìyí, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó la ẹnu. Ahọ́n rẹ̀ ká. Bóyá dúró ni ó fẹ́ sọ, bóyá máa lọ ni, bóyá dárí jì mí ni. Akunèékánná ní òun rí ọ̀fun rẹ̀ bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ajá ọjọ́sí, òun sì rò pé ẹkún ni.

Ọmọ náà dúró dè é. Nígbà tí ó pẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó gbé àpò kọ́ èjìká.

Ojú ọ̀nà náà tọ́, ó sì gùn. Ọkọ̀ ti lọ yípo sí orígun tí ó fẹ̀, ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń rìn lọ bá a. Kò yára. Ó ń rìn bí ẹni tí etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí ó ń dúró kí wọ́n pè é. Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi gbogbo ara pariwo. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ọmọ náà dé orígun, ó gbé àpò náà sọ́kọ̀, ó wọlé, ó sì lọ láìwẹ̀yìn.